Òdodo Kì í Ṣe Òdòdó

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n eré ni àlọ́ tí àwọn ìyá wa fi kọ́ wa ní ọgbọ́n, nínú eré náà ni a sì ti ń mọ ọmọ tí yóò gbọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwa mélòó kan jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Ajíbọ́dẹ, ìletò tí ó bá ilẹ̀ Yunifásítì Ìbàdàn pààlà. A ń ṣe eré ọ̀rọ̀ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní crossword, èyí tí ìwé ìròyìn elédè Gẹ̀ẹ́sì kan ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ mọ̀ bí ó ti rí: yàrá kéékèèké tí a tò ní ìbú àti ní òòró, lẹ́tà kan nínú yàrá kan, tí ọ̀rọ̀ ìbú àti ọ̀rọ̀ òòró sì jọ ń lo lẹ́tà kan náà níbi tí wọ́n bá ti pàdé. Ti ọjọ́ náà ní kókó kan tí gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn inú rẹ̀ rọ̀ mọ́. Òdòdó ni kókó náà.

A kò ní torí ìbínú jẹ́ ẹ̀rí èké. Ẹni tí ó hun eré náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì wọ ara wọn bí ẹní tí a hun dáadáa. Kò pẹ́ tí a fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni a bá níbẹ̀? Tulip, daffodil, crocus, primrose: òdòdó ilẹ̀ olótùútù tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì fojú rí nínú oko. Bàbá kan jókòó tì wá, tí ó mọ ewé àti egbò gbogbo agbègbè náà ní orúkọ, tí ó mọ èyí tí ń tanná lóru àti èyí tí oyin fẹ́ràn. Kò rí ọ̀rọ̀ kan bá wa sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí a kó ìwé nílẹ̀, ó wí pé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé kò sí irú eré yìí tí èmi náà lè bá yín dá sí?” Ìbéèrè bàbá yìí ni a gbé wá síwájú yín.

Eré náà kò ti ọ̀run wá. Arthur Wynne, ọmọ ìlú Liverpool tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni ó tẹ àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn New York World ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913. The Times ti Lọ́ńdọ̀nù kò gbà á wọlé títí di ọdún 1930. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n rán aṣọ yìí fún. Bí a bá fẹ́ wọ̀ ọ́, a gbọ́dọ̀ tú u, kí a sì tún un rán.

Àwọn kan ń gbà wá ní ìmọ̀ràn pé kí á má tún nǹkan kan rán: kí á pín gb sí yàrá méjì, kí á yọ àmì orí àti àmì ìdí kúrò, kí ọ̀rọ̀ lè wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. A kò gbà. Lẹ́tà kan ni gb nínú lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí a fi ń kọ Yorùbá. Ọ̀tọ̀ ni ẹ, ọ̀tọ̀ ni e. Ní ọdún 1875, àwọn àgbà ìjọ CMS pàdé ní Èkó láti fìdí ọ̀nà àkọsílẹ̀ èdè wa múlẹ̀. Kò yẹ kí á fi eré tú ohun tí wọ́n fi làálàá dì. Ní ti ohùn, ẹ wo igba tí í ṣe iye, igbá tí a fi ń bu omi, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, àti ìgbà tí ń lọ tí kì í padà. Ẹni tí ó bá ká àmì kúrò ti da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ mọ́ra.

Wọ́n ní bí fáwẹ́lì méjì bá pàdé nínú yàrá kan, tí ohùn wọn kò bára mu, ọwọ́ ẹni tí ń hun eré yóò há. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo bí a ti dá èdè wa. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ wa ni fáwẹ́lì ṣáájú, tí kọ́ńsónáǹtì tẹ̀ lé e, tí fáwẹ́lì tún tẹ̀ lé ìyẹn, bí ẹni ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì. Irú kọ́ńsónáǹtì bẹ́ẹ̀ kì í ru àmì ohùn. Bí a bá wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa pàdé lórí kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ́lì kọ̀ọ̀kan yóò dá yàrá tirẹ̀ gbé pẹ̀lú àmì rẹ̀, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹ mú bébà, kí ẹ fa yàrá márùn-ún ní ìbú, márùn-ún ní òòró. Ẹ kọ àgbàdo sí ìlà kejì ní ìbú, kí ẹ kọ ẹlẹ́dẹ̀ sí ìlà kẹrin. Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ẹ kọ ìgbálẹ̀ sí òpó kejì, kí ẹ kọ òdodo sí òpó kẹrin. Ẹ wò ó: gb àgbàdo ni gb ìgbálẹ̀, l ẹlẹ́dẹ̀ ni l ìgbálẹ̀, d méjèèjì inú òdodo sì bá d àgbàdo àti d ẹlẹ́dẹ̀ mu. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin pàdé níbi mẹ́rin, àmì kan kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pín gb sí méjì, àgbàdo di yàrá mẹ́fà, ilé náà sì wó.

Ní ti ìtumọ̀ tí a ó fi máa wá ọ̀rọ̀, àlọ́ àpamọ̀ ti fi ọ̀nà hàn wá. A lè wí pé: ó wọ aṣọ lé aṣọ, irùngbọ̀n rẹ̀ wà lókè orí. Wọ́n pọ̀ nínú ìgbànú kan, iṣẹ́ wọn kò kọjá ilẹ̀. Ẹrẹ̀ ni ibùsùn rẹ̀, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni fún ẹní. Ohun tí ẹni méjì tí ń jà jọ ń pè ní tirẹ̀ níwájú baálẹ̀. Bàbá tí ó jókòó tì wá kò ní pẹ́ kí ó tó já wọn.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ kẹrin yẹn. Bí a bá yọ àmì kúrò lórí rẹ̀, ta ni yóò mọ̀ bóyá òdodo ni tàbí òdòdó? Méjèèjì gba yàrá márùn-ún, d sì wà ní ipò kan náà nínú wọn. Ọ̀kan ń rọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Èkejì ni ìlú fi ń dúró.

A mọ̀ pé gbogbo ọ̀rọ̀ kọ́ ni yóò rọrùn báyìí. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀. N tí ń gba imú jáde pẹ̀lú fáwẹ́lì, bíi ti inú ọ̀pọ̀n, gbọ́dọ̀ bá fáwẹ́lì rẹ̀ gbé yàrá kan náà. Ṣùgbọ́n ń inú òróńbó, tí ó ní ohùn tirẹ̀, yóò gba yàrá tirẹ̀. Ìṣòro ahunṣọ ni èyí, kì í ṣe ìdí tí a ó fi máa rìn ní ìhòòhò.

Nítorí náà a bẹ olóòtú ìwé yìí kí ó fi ojú ewé kan sílẹ̀ lóṣooṣù fún eré náà. A bẹ ẹ̀yin baálẹ̀ àti olóyè kí ẹ máa fún wa ní kókó: orúkọ ewé àti òdòdó oko, orúkọ ìlù láti ìyá ìlù dé gúdúgúdú, orúkọ aṣọ òkè bí ẹtù, sányán àti àlàárì. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ mú un lọ sílé bi bàbá àgbà rẹ̀. Nígbà tí òjé ni a fi ń tẹ̀wé, àwọn atẹ̀wé lè wí pé àmì kò tó nínú àpótí àwọn. Lónìí tí tẹlifóònù ọwọ́ ọmọdé lè kọ ẹ̀ àti ọ́, àwáwí náà ti kú, ẹ jẹ́ kí á sin ín.

Ní ọjọ́ tí àkọ́kọ́ rẹ̀ bá jáde, Ajíbọ́dẹ ni a ó kọ́kọ́ gbé e lọ. Bàbá kan ń retí wa níbẹ̀.