Ó Yẹ Kí Olóúnjẹ Ibùdókọ̀ Kọ Iye Owó Síta

Ẹni tí ó bá gbéra ní Kpankou ní ìdájí, tí ó gba Kétu, Pobè, Sakété àti Àjàṣẹ́ kọjá, ebi yóò ti máa pa á kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ ní Kútọnù. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú irin máa ń dé Pobè, ẹni tí ó bá ti ìhà Kétu wá sì lè wọ̀ ọ́ níbẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́. Lónìí, ọkọ̀ ojú irin náà kò gbé èrò mọ́. Takisí àti bọ́ọ̀sì ti gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò yí padà: ibi tí èrò bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn olóúnjẹ ń pọ̀ sí.

Àlejò kì í mọ ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ dára, kì í sì í mọ iye tí ó ń tà á. Ojú a máa tì í láti béèrè. Yóò jókòó, wọn yóò bu oúnjẹ fún un, yóò jẹun tán, yóò wá gbọ́ iye tí kò rò. Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn ń lọ wo aláìsàn ní ilé ìwòsàn ńlá CNHU. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti oògùn àti ti ọkọ̀ àbọ̀ lọ. Ẹ̀rù owó oúnjẹ yóò mú kí ó fi ebi sùn, nígbà tí oúnjẹ tí agbára rẹ̀ ká wà nítòsí. Èyí kò dára rárá.

Ní orílẹ̀-èdè Jàpáánì, oúnjẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní súṣì. Ìrẹsì ni, tí wọ́n fi ọtí kíkan díẹ̀ sí, tí wọ́n fi ọwọ́ mọ ní kéékèèké, tí wọ́n sì gbé ègé ẹja lé lórí. Lọ́pọ̀ ìgbà, iná kì í kan ẹja náà rárá. (Ará Kpankou tí ó bá gbọ́ èyí lè yọ ẹnu sí i, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá mọ́ni lára ni í dùn mọ́ni.) Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ìlú Tokyo ṣì ń jẹ́ Edo, ojú pópó ni wọ́n ti ń tà á fún àwọn tí ń kánjú. Nígbà tí ó yá, ó di oúnjẹ olówó gọbọi, mẹ̀kúnnù sì ń bẹ̀rù láti wọ ilé tí wọ́n ti ń tà á, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kọ iye owó síta.

Ní ọdún 1958, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Yoshiaki Shiraishi ṣí ilé súṣì kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin Fuse, nítòsí ìlú Osaka. Ó ti rí i ní ilé iṣẹ́ ọtí bíà bí ẹ̀rọ ṣe ń gbé ìgò kọjá níwájú àwọn òṣìṣẹ́. Ó wá ṣe irú rẹ̀ fún àwo oúnjẹ. Oúnjẹ ń yí kọjá níwájú oníbàárà, oníbàárà sì ń mú èyí tí ó wù ú. Ní ọ̀pọ̀ irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lónìí, àwọ̀ àwo ni ó ń sọ iye owó: àwo pupa ní iye tirẹ̀, àwo aláwọ̀ mìíràn ní tirẹ̀. Bí ènìyàn bá jẹun tán, wọn yóò ka àwo rẹ̀. Kò sí ìtìjú, kò sí ìjà. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá yóò mọ gbèsè tí ó jẹ.

Kò sí ẹni tí ó ń sọ pé kí olóúnjẹ Jonquet tàbí ti Dantokpa ra ẹ̀rọ. Pátákó dúdú kan àti ẹfun ìkọ̀wé ti tó. Àwọn kan yóò sọ pé kò ṣeé ṣe, nítorí pé kì í ṣe odindi àwo ni àwọn ń tà, oníbàárà ni ó ń sọ pé, “Ẹ bu ìrẹsì 200 fún mi, ẹ fi ẹja 300 sí i.” Òótọ́ ni. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni àlejò ti ń pàdánù, nítorí pé ìrẹsì 200 ti oníbàárà àtijọ́ àti ìrẹsì 200 ti àlejò lè má kún àwo bákan náà. Nítorí náà, ìwọ̀n ni kí wọ́n kọ: ìgbakọ ìrẹsì kan, iye báyìí, ẹ̀kọ kan, iye báyìí, ègé ẹja kan, iye báyìí. Bí àgbàdo bá wọ́n kí ìkórè tó dé, kí wọ́n nu ti àná, kí wọ́n kọ ti òní. Ta ni yóò bínú sí iye tí ó ti kà kí ó tó jókòó?

Kò pọn dandan kí ìkọ̀wé náà gùn. Ní Yorùbá, ní Fọ̀n, ní Faransé, 200 ni 200. Ẹni tí ó bá ti fi oṣù díẹ̀ kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà yóò kà á, olóúnjẹ tí òun náà wà nínú kíláàsì yóò sì lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọjà Kpankou lè ṣe é ṣáájú Kútọnù.

Kí pátákó tó dé, kí àlejò máa wo ibi tí àwọn awakọ̀ àti aláàárù ti ń jẹun. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹun ní ibùdókọ̀, wọ́n sì mọ ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ dùn tí kò sì wọ́n. Kí ó yan oúnjẹ tí ó ṣì ń gbóná, kí ó fi èyí tí eṣinṣin ń bà lé sílẹ̀. Kí ó sì béèrè kí ó tó jókòó: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Èló ni ìgbakọ ìrẹsì kan?” Bí olóúnjẹ bá bínú sí ìbéèrè yìí, kí àlejò kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.