Ìyẹ́ Ẹyẹ Kì í Parọ́

Ọ̀rọ̀ àgbàdo pupa ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n láti ara ẹyẹ ni n ó ti gbé e wá.

Ní ilẹ̀ Sweden, láti nǹkan bí ọdún 1940, àwọn àgbẹ̀ ń fi oògùn tó ní mẹ́kúrì kun irúgbìn kí ó má baà jẹrà nínú ilẹ̀. Nígbà tó yá, ẹyẹ ń kú káàkiri oko. Àwọn ọ̀mọ̀wé wá lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n já ìyẹ́ àwọn ẹyẹ tí a ti fi pamọ́ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n wọn mẹ́kúrì inú rẹ̀. Èsì rẹ̀ jáde ní 1966. Mẹ́kúrì inú ìyẹ́ àṣá wà lójú kan títí di ọdún 1940; lẹ́yìn náà ó fò sókè ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀. Àṣá kì í jẹ irúgbìn o! Ẹyẹ tó jẹ irúgbìn ni ó jẹ. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fòfin de oògùn náà níbẹ̀.

Bí ìyẹ́ bá ń hù, ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú rẹ̀, mẹ́kúrì tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé wá á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá gbó tán, ẹ̀jẹ̀ á dá, mẹ́kúrì á kù síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni irun orí wa. Ní Iraq, ní 1971 sí 1972, àwọn ará oko fi irúgbìn tí a kùn ṣe búrẹ́dì. Wọ́n fọ̀ ọ́, àwọ̀ pupa ṣí, wọ́n rò pé májèlé ti bá omi lọ. Ènìyàn 6,530 ni a gbà sí ilé ìwòsàn. 459 kú níbẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn ìyá ṣì ń bi mí ní dìsípẹ́ńsárì pé, “Nọ́ọ̀sì, bí mo bá fọ̀ ọ́ dáadáa ńkọ́?” Rárá o. Oògùn tí a fi ń kun irúgbìn lónìí lè má jẹ́ mẹ́kúrì, ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ má rà á, ẹ má fi bọ́ adìẹ.

Lójú tèmi, ó yẹ kí ìjọba wa máa ṣa ìyẹ́ àṣá àti ti lékeléke, tí àwọn ọmọ wa ń bẹ̀ fún èékánná funfun, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ó ń já bọ́ fúnra rẹ̀. A kò ní í pa ẹyẹ kankan.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti jẹ irúgbìn bẹ́ẹ̀, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá, kí ẹ mú àpò irúgbìn náà dání.