Àkàbà tí Wọ́n Fi Gun Òkè

Ní àwọn lísè wa, a ń kọ́ ọmọ bí ẹni ń kọ́ katikísìmù pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa ṣe ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù, kí ó sì ra ìyókù lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ọtí wáìnì ilẹ̀ Pọ́túgàlì ni David Ricardo fi ṣe àpẹẹrẹ ní 1817. A kì í sọ fún ọmọ náà pé ó ti pẹ́ kí Ricardo tó kọ̀wé tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi òfin àti owó ibodè gọbọi dáàbò bo aṣọ tirẹ̀.

Ha-Joon Chang ni ó yẹ kí a fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Seoul ni a bí i sí ní 1963, nígbà tí òṣì ta South Korea. Ojú rẹ̀ ni ìlú náà ṣe di ìlú irin àti ọkọ̀: ìjọba yá ilé iṣẹ́ lówó, ó fi owó ibodè dí ọjà òkèèrè lọ́nà, ó sì ń fi ipá mú wọn láti tajà sí òkèèrè. Láti 1990 ni ó ti ń kọ́ni ní Cambridge, kí ó tó lọ sí SOAS ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ìwé rẹ̀ ti 2002, Kicking Away the Ladder, ó fi ìtàn hàn pé àwọn ọlọ́rọ̀ gun àkàbà tán, wọ́n wá fi ẹsẹ̀ tì í ṣubú. Nínú Bad Samaritans, ó ní ọmọ òun ọdún mẹ́fà lè lọ ṣiṣẹ́ jẹun. Ṣùgbọ́n bàtà ni yóò máa nù, kò ní di oníṣègùn láéláé. Ìwé yìí ni iléeṣẹ́ ààbò orílẹ̀-èdè rẹ̀ kà léèwọ̀ fún àwọn ọmọ ogun ní 2008. Ẹ gbọ́ ná: ìwé ètò ọrọ̀ ajé!

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ní Ṣábẹ̀ẹ́ yóò nawọ́ sí ilé iṣẹ́ ṣúgà tí Benin àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀, kí ó ní: “Àbọ̀ rẹ̀ dà?” Ó tọ́ kí ó béèrè. Ṣùgbọ́n Chang kò sọ pé kí a máa bọ́ ọmọ títí yóò fi hu ewú. Kí ni a béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, ọjọ́ wo ni a sì dá fún un?

Láti 2024, kajú tí a kò tíì fọ́ kò gbọdọ̀ jáde ní Benin mọ́. Bí àgbẹ̀ bá ń kígbe pé iye tí wọ́n ń dá lé e kéré, ẹ jẹ́ kí a jà fún un, nítorí ilé iṣẹ́ tí ó bá ń jẹ àgbẹ̀ run kì í ṣe èyí tí mò ń gbèjà. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé tí ó ń rẹ́rìn-ín pé kí a fi kajú fífọ́ sílẹ̀ fún àwọn ará Íńdíà àti Vietnam, nítorí àwọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, kó sọ fún wa ẹni tí ó bí wọn mọ́ ọn.

A ti túmọ̀ ìwé tí Chang kọ ní 2010 sí èdè Faransé. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fi lé àwọn ọmọ terminale lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí ẹ bá ń kọ́ wọn ní Ricardo.