Stable Pé Ọgbọ̀n Ọdún: Ẹ Kú Oríire O!

Ẹ̀yin ọmọ Otigba, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ola Ayeni, ẹ̀yin ti Pepple àti Medical Road, gbogbo Computer Village Ìkẹjà, ẹ jẹ́ ká jó! Ní 17 oṣù Òkúdù ọdún 2026, ó pé 30 ọdún géérégé tí Debian 1.1 jáde, èyí tí wọ́n sọ ní Buzz. Òun ni Debian àkọ́kọ́ tó ní ìnagijẹ.

Ẹni tí ò bá mọ Debian lè máa ṣe kàyéfì pé kí ni gbogbo ariwo yìí. Ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ni, bíi Windows, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni, Debian kì í sì í san owó oṣù fún àwọn tó ń ṣe é. Ian Murdock ló dá a sílẹ̀ ní 1993. Ó mú orúkọ Debra, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, ó so ó mọ́ Ian tirẹ̀. Ian ti jáde láyé ní 2015, wọ́n sì fi Stretch, tó jáde ní 2017, ṣe ìrántí rẹ̀.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ 1.1, tí kì í ṣe 1.0? Ará Computer Village ni ọ̀rọ̀ yìí máa tètè yé. Ní ìparí 1995, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta sídì kánjú. Wọ́n kó iṣẹ́ tí ò tíì parí sórí sídì, wọ́n lẹ 1.0 mọ́ ọn, ó di ọjà. Debian kàn fo 1.0 kọjá ni. Láti ìgbà náà, ìnagijẹ ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ tó bá ṣì wà lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà tún tà á ní tútù. Inú fíìmù Toy Story ni wọ́n ti ń mú àwọn orúkọ náà, torí Bruce Perens, olórí wọn nígbà tí Buzz jáde, ilé-iṣẹ́ Pixar tó ṣe fíìmù ọ̀hún ló ti ń ṣiṣẹ́. Sid, ọmọkùnrin tó ń fọ́ nǹkan ìṣeré nínú fíìmù yẹn, òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ̀ka tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Sid kì í jáde láéláé!

Inú Sid ni gbogbo nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ètò kan bá lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀ tí kò ní àbùkù ńlá, tí kò sì da ti ẹlòmíì rú, ó máa bọ́ sí testing. Tó bá yá, wọ́n á ti ilẹ̀kùn testing, kó tó jáde ní stable, ẹ̀yà tó dúró ṣinṣin. Fún ẹ̀yà tí wọ́n pè ní Trixie, 15 oṣù Ẹrẹ́nà 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi jáde ní 9 oṣù Ògún. Ètò 474 ló wà nínú Buzz. Ti Trixie jẹ́ 69,830. Ta ló ń tọ́jú irú agbo bẹ́ẹ̀? Àwọn release team ni. Iṣẹ́ wọn ò sì ju kí wọ́n máa sọ pé rárá lọ: ẹni tí wọn ò sanwó fún ń sọ fún ẹni tí wọn ò sanwó fún, tó sì ti ṣàìsùn nítorí iṣẹ́ rẹ̀, pé ó di ìgbà mìíì. Lójú tèmi, rárá yìí gan-an là ń bá wọn yọ̀ lé lórí.

Rárá yìí ti kó wọn sí wàhálà rí o. Woody jáde ní 2002, Sarge ò sì dé títí di oṣù Òkúdù 2005. Àwọn èèyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Láàárín ìgbà yẹn ni Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa tó ti bá Debian ṣiṣẹ́ rí, gbé Ubuntu jáde ní 2004, pé tòun á máa jáde ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Orí Debian náà ló kọ́ ọ lé.

Ní Ìkẹjà wa níbí, tí owó dátà ń jẹ owó oúnjẹ, ẹ wo ire tó wà nínú rárá wọn yẹn. Bí stable bá ti jáde, wọn kì í sábà fi ẹ̀yà tuntun rọ́pò ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí télọ̀ ni wọ́n ń ṣe: ibi tó ya ni wọ́n ń rán, wọn kì í yí sítáì padà. Ẹ dà á sórí fláàṣì kan, ẹ fi gbé ogún láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ dìde, ojú kan náà ni gbogbo wọn máa ní, fún bí ọdún márùn-ún. Ohun kan ṣoṣo ló dun èmi: Trixie ò ní ètò ìgbékalẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ 32-bit àtijọ́ mọ́, àwọn arúgbó tó ṣì ń mí lábẹ́ káńtà yín.

Ẹ gbà á wò lónìí. Níbi tẹ́ ẹ ti ń yan kíbọ́ọ̀dù, ẹ mú Nàìjíríà, ẹ mú Yorùbá: ẹ, ọ, ṣ ti wà níbẹ̀. Ẹ̀yin release team, ní ilẹ̀ yòówù kẹ́ ẹ wà, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìfaradà. Ọwọ́ yín ò ní rọ. Forky tó kàn á sọ̀ láyọ̀, a ó sì tún jó!