Ọjà Tí A Kò Rí Kí A Tó Sanwó

Ère tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú àtẹ̀jáde yìí kì í ṣe ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àwọn ará Kétu ń gbé sórí jó. Ère oníke ni, tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tí tọmọdé tàgbà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fi ń ṣe eré ogun lórí tábìlì. Ọ̀nà tí a gbà ń tà á ni ó mú wa kọ̀wé.

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ irú ère bẹ́ẹ̀ yóò lọ sí ilé ìtajà, yóò rí i, yóò rà á, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún lọ́dà nílé. Ní ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ WizKids, tí Jordan Weisman dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé eré Mage Knight jáde. Wọ́n ti kun ère náà kí ó tó kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é. Àgbá kékeré kan sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí a ń yí bí jagunjagun náà ti ń fara gbọgbẹ́, kí a lè mọ agbára tí ó kù fún un. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n inú àpótí tí a dì pa ni wọ́n ti ń tà á: ẹni tí ó rà á kò mọ ohun tí ó rà títí yóò fi ya á. HeroClix tẹ̀ lé e ní 2002. Ní 2003, Wizards of the Coast mú ère Dungeons & Dragons wá bákan náà: ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ ní irú ère 80, àpótí kan sì gba 8 péré.

A kò ní ṣe ojúsàájú. Àwọn tí ń tà á ní àwíjàre. Owó ńlá ni a fi ń ṣe ohun tí a fi ń yọ ère, ẹ̀ṣọ́ ọ̀dà náà sì nílò òṣìṣẹ́ púpọ̀. Bí a bá pàtẹ gbogbo rẹ̀ síta, dírágónì ni gbogbo ènìyàn yóò mú, ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ yóò sì kù sórí àtẹ. Òye èyí yé wa. Ohun tí kò tẹ́ wa lọ́rùn ni pé ẹrù àjẹkù tí ó yẹ kí ó wà lọ́rùn olùtajà ni a gbé kọ́ ọmọdé tí ó rà á. Àwọn Faransé ní òwe kan tí ó kọ̀ fún ènìyàn láti ra ológbò nínú àpò. Ní ọjà tiwa pẹ̀lú, a ń fọwọ́ tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò kí a tó sanwó; ènì nìkan ni kò dájú, ènì kò sì ní owó lórí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Ká ní irú ère tí ó ṣọ̀wọ́n jẹ́ 20, tí àpótí kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan nínú wọn, tí kò sì sí èyí tí ó ṣọ̀wọ́n ju èkejì lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó gbogbo wọn jọ yóò ra nǹkan bí àpótí 72, bí a bá ṣe ìpíndọ́gba. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ kò ní gbà ju nǹkan bí 13 lọ. Èyí tí ó kẹ́yìn nìkan ṣoṣo yóò gba 20. Bí ayọ̀ ọmọ náà ti ń dínkù ni owó bàbá rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi rí ọ̀nà jẹun nínú rẹ̀. Wọ́n ń ra àpótí púpọ̀, wọ́n ń ya wọ́n, wọ́n sì ń ta ère ní ẹyọ ẹyọ, dírágónì ní owó gegere, ọmọ-ogun ní owó kékeré. Ọjà gbangba tí olùtajà sá fún ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Àwọn kan ti gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2009, Wizards of the Coast fúnra wọn ta àwọn akọni nínú páálí tí a lè rí inú rẹ̀. Ti àwọn ẹranko abàmì, ọ̀kan hàn, ìyókù fara pamọ́. Nígbà tí Fantasy Flight gbé X-Wing jáde ní 2012, gbogbo ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ni a rí kedere kí a tó rà á, eré náà sì tà gidigidi. Àrékérekè kò tilẹ̀ tán níbẹ̀: káàdì tí ọkọ̀ kan nílò lè wà nínú páálí ọkọ̀ mìíràn. Síbẹ̀, ẹni tí ó ra páálí kejì mọ ohun tí òun ń rà.

Ní 2018, àjọ tí ń ṣọ́ tẹ́tẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù sọ pé irú àpótí àdììtú tí a ń tà nínú àwọn eré orí kọ̀ǹpútà kan rú òfin tẹ́tẹ́. Eré orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ náà kàn, kì í ṣe ère oníke. Lójú tiwa, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ibì kan ṣoṣo ni a ti gbà fún àpótí dídì: níbi ìdíje tí gbogbo olùkópa ti gba iye àpótí kan náà, tí wọ́n ya á papọ̀, tí kálukú sì fi ohun tí ó bá nínú tirẹ̀ jà. Níbẹ̀, àìmọ̀ gan-an ni eré. Ṣùgbọ́n òbí tí ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún dírágónì, kí ó wá ẹni tí ń tà á ní ẹyọ lọ, kí ó béèrè iye rẹ̀, kí ó sì ná an.