Ka orí èèyàn ná, kó o tó há tábìlì sórí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka kẹ́mísìrì ní Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé, Ìdó àti agbègbè wa lọ́hùn-ún, tí proton NMR ń dààmú, ẹ sún mọ́bí. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀ o.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bi wá ní NMR, 4 nínú 20 ni mo gbà. Kì í ṣe pé mi ò kàwé. Mo ti há gbogbo tábìlì ppm sórí, mo ń kà á nínú bọ́ọ̀sì láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ bí ẹni ń ka Sáàmù. Wọ́n wá gbé spectrum síwájú mi, mo kàn ń wò ó sùn-ùn. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ní tiẹ̀ sọ pé òun máa yí kọ́ọ̀sì.

Ògógóró ló là mí lójú. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, mi ò mu ún.)

Ethanol ló wà nínú ògógóró. Háídírójìn mẹ́fà ló ní, àmọ́ ilé mẹ́ta ni wọ́n ń gbé: mẹ́ta nínú CH3, méjì nínú CH2, ọ̀kan ṣoṣo lórí oxygen. Àmì mẹ́ta lẹ máa rí, ìwọ̀n wọn sì jẹ́ 3:2:1. Integration tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá yẹn, kíka orí èèyàn inú ilé kọ̀ọ̀kan ni.

Lẹ́yìn náà, bi í pé ta ni aládùúgbò ẹ̀. Ka háídírójìn tó wà lórí carbon tó múlé tì í, fi ọ̀kan kún un. CH3 ní aládùúgbò méjì, àmì ẹ̀ pín sí mẹ́ta, ní nǹkan bí 1.2 ppm. CH2 ní mẹ́ta, tiẹ̀ pín sí mẹ́rin, ní nǹkan bí 3.7, torí oxygen tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń fa electron mọ́ ara ẹ̀.

OH ńkọ́? Alárìnká nìyẹn. Ó sábà máa ń dá dúró láìpín, ibi tó máa jókòó sí ò sì dájú. Kán D2O sí i, gbọn ọ́n dáadáa, àmì ẹ̀ á pòórá.

Ethanol yìí kan náà ni Arnold, Dharmatti àti Packard lò ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1951. Àmì mẹ́ta ni wọ́n rí, wọn ò tíì rí ìpínyà kankan. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ pàápàá, orí èèyàn ni wọ́n kọ́kọ́ kà! Kí ló dé tó jẹ́ tábìlì la fi ń bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní spectrum lọ́jọ́ kìíní. Tábìlì lè dúró ná.

Àwọn kan á ní kò sẹ́rọ. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ńlá ẹ̀ gbówó lórí: helium olómi, ní nǹkan bí -269°C, ló ń mú mágnẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tutù, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa bù ú kún un. Àmọ́ èyí tó ń jókòó sórí tábìlì wà, tí ò nílò helium rárá. Àwọn ìyá ọjà ń dá èsúsú, ilé-ìwé mélòó kan náà lè dá a ra ọ̀kan. Ní báyìí ná, SDBS ti Japan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Dátà nìkan lẹ máa rà.

Ó yá, ẹ dán èyí wò: C4H8O2. 1.26, ó pín sí mẹ́ta, 3H. 2.04, kò pín, 3H. 4.12, ó pín sí mẹ́rin, 2H. Ó wà nínú oríṣi kan lára ohun tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́. Ta ni? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ bẹ́ ẹ ṣe mọ̀. Ẹni tó bá lọ wo tábìlì, mo máa mọ̀ o 😂