Ọ̀bẹ wà lápò, àkọ̀ ńkọ́?

Ẹni tó bá dé etí omi Ìgbókòdá láàárọ̀, tó ní kí gbogbo ẹni tó mú ọ̀bẹ dání bọ́ sápá kan, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun nìkan ni yóò kù lápá kejì. Apẹja fẹ́ gé okùn àwọ̀n, ìyá ẹlẹ́ja fẹ́ la inú ẹja, ẹni tó ń kẹ́rù sínú ọkọ̀ Ayétòrò fẹ́ já okùn. Ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́ ọmọ Ìlàjẹ, irinṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bá ọ̀bẹ yẹn kan náà nídìí ẹni nílé ọtí lálẹ́ ńkọ́? Ṣé ọlọ́pàá yóò mọ̀ pé ẹja ni wọ́n fi ń là? Abala 80 nínú òfin Criminal Code Nàìjíríà ní ẹni tó bá gbé ohun ìjà kiri ní gbangba láìnídìí, tó fi ń kó jìnnìjìnnì báàyàn, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ń bẹ fún un.

Kẹ́ni tó ń lọ sí London tún gbọ́ tiẹ̀ o. Òfin 1988 tibẹ̀ fàyè gba ọ̀bẹ àpò tó ń ká, bí ẹnu rẹ̀ kò bá ju ínǹṣì 3 lọ. Èyí tí kì í ká, bó ti wù kó kéré tó, àfi kéèyàn ní ìdí gidi. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 4!

Ẹ fi ọ̀bẹ sákọ̀, kẹ́ ẹ fàkọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bíṣẹ́ bá parí, kí ọ̀bẹ náà lọ sinmi. Àbí ẹ ò mọ̀ pé ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́?